Ẹ Má Fi Ìwé Tuntun Bo Ògiri Tó Ń Ṣàìsàn



Nígbà tí òjò bá ti lọ, tí a sì ti ta iṣu díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa bojú wo yàrá tí a ń sùn, inú wa kì í sì í dùn sí i. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri láti ọjọ́ pípẹ́ ti pọ́n, etí rẹ̀ sì ti ká. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ìwé ìròyìn àti kàlẹ́ńdà àtijọ́, ti ẹlòmíràn jẹ́ ìwé àpò sìmẹ́ńtì, ti ẹlòmíràn sì jẹ́ ìwé olódòdó tí ó rà bọ̀ láti Cotonou. Àlejò ń bọ̀ fún ọdún Noẹ́lì, owó kò tó nǹkan. Baálé ilé a wá wí pé: « N ó ra ìwé tuntun, n ó lẹ̀ ẹ́ lé ti àtijọ́ lórí, ó parí. »

Kò tíì parí. Àwọn àgbà wa a máa fi ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa lápálápá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tó gbó yìí ni lápálápá. Omi tó wà nínú ògiri ni ẹ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ẹ ṣí Ìwé Léfítíkù, orí 14, láti ẹsẹ 33. Òfin Mósè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa ẹ̀tẹ̀ tó mú ilé, àmì tó dà bí ewéko tútù tàbí tó pọ́n, tó sì jinlẹ̀ wọ ara ògiri. Wọn a kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, wọn a ti ilé náà pa fún ọjọ́ 7. Bí àmì náà bá ràn sí i, wọn a yọ òkúta tó bàjẹ́, wọn a ha inú ilé yíká, wọn a sì fi erùpẹ̀ mìíràn rẹ́ ẹ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí a ti ní kí wọ́n fi ohun tó lẹ́wà bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Ògiri amọ̀ a máa fa omi mu nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí a bá lẹ ìwé bò ó, pàápàá èyí oníke tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tí a fi ọ̀dà olóróró kùn ún, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹ̀kọ tí a fi lẹ ìwé a di oúnjẹ aáyán, ìwé fúnra rẹ̀ a di oúnjẹ ikán, ìdun a sì rí ibi sá sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan dúdú a hù sẹ́yìn ìwé, yàrá a sì máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) tẹ ìwé kan jáde lórí ilé tó ń rin. Ó sọ pé àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ikọ́ àti mímí tó ń há láyà ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọmọ tó ń wúkọ́ lóru, a lè gbé e dé ilé ìwòsàn Saint-Martin ní Papané, kí ó gba oògùn, kí ó sì tún padà wá sùn sí ẹ̀bá ògiri kan náà. Àǹfààní wo ni a wá rí?

Nítorí náà, bí owó kò tilẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ̀lé ètò yìí.

Èkíní, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ wo páànù tó jò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri lóde, níbi tí omi òrùlé ń ta sí. Ẹ la ojú àgbàrá kí omi lè lọ, kí ẹ sì to òkúta sí ẹsẹ̀ ògiri.

Èkejì, ẹ kó ọmọ, ẹní àti aṣọ jáde. Ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ fi kànrìnkàn tí a ti bọ omi gbígbóná rin ìwé náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ha á kúrò. Ẹ má da omi púpọ̀ sí ògiri amọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ títí ògiri yóò fi gbẹ dénú.

Ẹ̀kẹta, ẹ rẹ́ ògiri náà. Ẹ jọ erùpẹ̀ amọ̀, ẹ fi yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bẹ àwọn Fúlàní àdúgbò fún ìgbẹ́ màlúù, kí ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní tútù fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá sán, ẹ fi yanrìn kún un. Bí ó bá ń ho bí ìyẹ̀fun, ẹ fi amọ̀ kún un. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ìrẹ́ fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, nítorí àwọn méjèèjì kì í di ara wọn mú pẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n dáadáa, kí ẹ fi wọ́n ara ìrẹ́ náà. A máa mú un le. Ẹni tó bá fẹ́ kí yàrá funfun, kí ó ra ẹfun ìkọ́lé, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní chaux. Ẹ da ẹfun sínú omi, ẹ má da omi sórí ẹfun. Ẹ jẹ́ kí ó sun ibẹ̀ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ìkúnwọ́ iyọ̀ kan sí i, kí ẹ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ṣọ́ra o, a máa jó ojú àti ọwọ́. Kí ọmọdé má sún mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní iṣẹ́ òtòṣì. Àwọn Batammariba ti Boukoumbé ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà, wọ́n sì ń lo omi èèpo irú yìí lára ògiri wọn. UNESCO kọ ilẹ̀ wọn, Koutammakou, sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé, apá ti Togo ní 2004, apá ti Benin ní 2023.

Ìyá ilé tó fẹ́ràn òdòdó kò ní pàdánù. Kí ó fi amọ̀ pupa ṣe ọ̀nà lára ẹsẹ̀ ògiri, kí ó sì lẹ àwòrán tó wù ú mọ́ pákó fẹ́lẹ́, kí ó fi okùn gbé e kọ́, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó fi owó rà. Ìyókù wà ní àyíká wa. Ní ti agbára, ẹ bẹ ọ̀wẹ̀: ilé tiyín ní ọjọ́ Sátidé yìí, ti aládùúgbò ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹ má dúró kí òjò tó tún dé.

Ó tún di ìgbà mìíràn. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ilé yín.