Obìnrin Lọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́, pé àwọn mẹkáníìkì kan a máa rẹ́ obìnrin jẹ nítorí wọ́n rò pé kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, kì í ṣe àròyé lásán. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí ọkùnrin àti obìnrin ti tẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láago, tí wọ́n ń béèrè iye tí wọn yóò gbà pààrọ̀ rediétọ̀ Toyota Camry, ọkọ̀ tí kò ṣàjèjì lójú títì tiwa náà. Obìnrin tó ní òun kò mọ iye rẹ̀, owó tí wọ́n pè fún un ju ti ọkùnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kọ́kọ́ dárúkọ iye tó wà lọ́jà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ọkùnrin mọ́.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Síbẹ̀, kí a má ṣe di ẹ̀bi ru ẹni tí a rẹ́ jẹ, nítorí ẹni tó sọ àìmọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ di ọ̀nà ọ̀fun, òun ni olè. Àwọn obìnrin kan a máa rán àbúrò wọn ọkùnrin lọ, ẹni tí òun náà, kí a sọ òótọ́, kò mọ púlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí bẹ́líìtì. Ó sàn kí obìnrin béèrè iye páàtì ní ọjà Ládípò, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, kí ó tó yọ owó, kí ó sì gba ògbólógbòó tí wọ́n tú kúrò. Láti 2004 ni Sandra Aguebor, mẹkáníìkì obìnrin, ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ yìí lábẹ́ àjọ Lady Mechanic Initiative. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá ọkùnrin ná an, ó lè wá ọ̀kan nínú wọn lọ.