Gbèsè Baba Lọ́rùn Ọmọ

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, kò sí ẹni tó máa kọ́ wa ní ohun tí gbèsè jẹ́. Àwọn baba wa tó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Wọn á tajà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Bí onígbèsè bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ìwọ̀fà tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Baba á yá owó, á fi ọmọ rẹ̀ dúró. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni wọ́n ń kà á sí. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ojú owó. Bó ṣe é fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá náà ló ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ka Róòmù orí 5, ìwọ̀fà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ádámù jẹ gbèsè, wọ́n sì bí wa sínú oko olówó. Iṣẹ́ rere wa kò lè san ojú owó, àfi kí ẹlòmíràn wá san án. Jésù sì ti san án. Títí dé ibí, ohùn wa ṣọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá síbi àdúrà kan tí mo wà. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Wárápá ló ń ṣe é. Ẹni tó ń darí àdúrà ní àjẹ́ ni ìyá àgbà rẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ìran ló ń jà, pé ọmọ náà ti jogún rẹ̀. Wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan wà tó ń jẹ́ Fyodor Dostoevsky. Wárápá ń ṣe òun náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1878, Alyosha ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kú. Wárápá ló pa á. Àìsàn baba lára ọmọ! Ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, tó jáde ní 1879 sí 1880, dá lórí àwọn ọmọ Karamazov, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Alyosha. Ivan, ẹ̀gbọ́n Alyosha inú ìwé náà, béèrè pé: àwọn àgbà jẹ èso, kí wọ́n jìyà rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́, kí ni wọ́n jẹ?

Ẹ má fọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn pé ti aláìgbàgbọ́ ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù ní irú rẹ̀ nínú Jòhánù 9, Ó sì kọ̀ láti di ẹ̀ṣẹ̀ ru afọ́jú náà tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ẹ ka Ìsíkíẹ́lì 18 pẹ̀lú.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ Áfíríkà ni, láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀bi Ádámù wà lórí ọmọ ìkókó pàápàá. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí Dostoevsky wà nínú rẹ̀, ń kọ́ni pé ikú àti ìdíbàjẹ́ ni a jogún, kì í ṣe ẹ̀bi. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi fà sí. Ṣùgbọ́n bí Augustine bá tilẹ̀ jàre, ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀bi tó sọ kan gbogbo ọmọ Ádámù lọ́gbọọgba. Ó kan ẹni tó ń gbé ọwọ́ lé orí, ó kan ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ lé lórí. Ẹ̀kọ́ tó bá ṣa ọmọ kan ṣoṣo jáde láàárín agbo pé òun ló jogún ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Augustine, kì í sì í ṣe ti Pọ́ọ̀lù.

Ibi tí irú rẹ̀ ń gbé ènìyàn dé, àwọn ará Akwa Ibom rí i. Wọ́n lé àwọn ọmọ sí ìgboro pé àjẹ́ ni wọ́n, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní 2008 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́.

Nínú ìwé Dostoevsky, wọ́n fẹ̀sùn kan Dmitri, àkọ́bí, pé ó pa baba rẹ̀. Kò pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti halẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó lálàá rí abúlé tó jóná, àti ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún ebi àti òtútù, tí kò sí wàrà ní ọmú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun á lọ sí Sìbéríà nítorí ọmọ náà, torí gbogbo ènìyàn ló jẹ̀bi nítorí gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí tiwa: ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀, kò wá ọmọdé tí yóò gbé e kọ́ lọ́rùn.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí ti ń lo oògùn báyìí. Dókítà kan ní Iléṣà ló kọ ọ́ fún un. A ń dá owó rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ti padà sí ilé ìwé. Mo lọ bẹ ìyá àgbà rẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé mi, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Kò tíì tún wá sí ìpàdé wa, n kò sì dá a lẹ́bi.