Ikú ọmọ ajá: Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni májèlé

Bí ọmọ ajá mẹ́rin tàbí márùn-ún bá kú tẹ̀lé ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú agbo ilé, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ẹnì kan ló fún wọn ní májèlé jẹ. Wọ́n á ní aládùúgbò tí ajá kó ẹyin adìẹ rẹ̀ jẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà á ti dé láàárín àwọn tó ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Àrùn ló wọlé.

Parvo ni orúkọ tí àwọn dókítà ẹranko ń pe àrùn náà. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìfun ajá ló sì máa ń bà jẹ́. Ọmọ ajá tó ti ń ṣeré kiri lánàá á dùbúlẹ̀ gbalaja, kò ní jẹun, á máa bì, ìgbẹ́ gbuuru tó lẹ́jẹ̀ nínú tó sì ń rùn gan-an á bẹ̀rẹ̀. Omi ara rẹ̀ á gbẹ tán. Láàárín ọjọ́ 3 sí 7 tí kòkòrò náà bá wọ ara ajá ni àwọn àmì wọ̀nyí máa ń yọjú. Bí kò bá sí ìtọ́jú, ó lè pa ajá 9 nínú 10. Àwọn ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló máa ń mú jù, àwọn ajá òyìnbó bíi Rottweiler àti Doberman sì wà lára àwọn tí kì í lè fara dà á. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ajá ìbílẹ̀ tàbí ajá ọdẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrùn yìí kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ lára ajá. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì péré, ó ti tàn ká àgbáyé. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbà pé kòkòrò kan tó ń bá ológbò àti àwọn ẹran tó jọ ọ́ jà, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀, ló yí padà tó wá di ti ajá. Láti ìgbà náà ni ó sì ti ń yí àwọ̀ padà bí alágẹmọ. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n pè ní CPV-2. Kò pẹ́ tí 2a fi rọ́pò rẹ̀, 2b tẹ̀lé e láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n sì rí 2c ní Ítálì ní ọdún 2000. Àwọn olùwádìí ti bá 2a àti 2c pàdé lára ajá ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Èyí fi hàn pé ohun tó ń pa ajá ní Róòmù lè pa ajá ní Ìsẹ́yìn.

Parvo nìkan kọ́ ni kòkòrò tó ń gbé inú ìfun ajá. Kòkòrò kòrónà ti ajá náà wà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ajá àwọn ológun ní Jámánì ní ọdún 1971. Kì í ṣe èyí tó da ayé rú ní ọdún 2020. Òun nìkan kì í sábà pa ajá, ṣùgbọ́n bí òun àti parvo bá pàdé lára ọmọ ajá kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà á le sí i. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ pé parvo ti ajá kì í mú èèyàn. Ṣùgbọ́n bàtà, ọwọ́, aṣọ àti àwo oúnjẹ lè gbé e láti ilé kan dé òmíràn, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí ọmọ ajá tuntun fi máa ń kú nínú ilé tí òmíràn ti kú ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n á sì tún pariwo májèlé.

Ohun tó ń dunni jù ni pé àrùn yìí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti tó. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣe pàtàkì, nítorí pé dìgbòlugi ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n kò dí parvo lọ́nà rárá. Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n máa ń gba ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á sì sinmi. Ààbò tí ọmọ ajá rí gbà láti inú wàrà àkọ́kọ́ tó mu lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀ lè má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí ààbò náà bá wá tán, ọmọ ajá á wà ní ìhòòhò. Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí wọ́n máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra, títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Àwọn kan ń sọ pé kòkòrò náà ti yí padà, pé abẹ́rẹ́ kò ràn án mọ́. Irọ́ ni. Àwọn abẹ́rẹ́ tó wà lóde ṣì ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí, bí wọ́n bá gbà á pé, tí wọ́n sì tọ́jú abẹ́rẹ́ náà sínú òtútù. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá gbé kiri nínú oòrùn kò yàtọ̀ sí omi lásán.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kan ìjọba nìyí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àbójútó ẹran ọ̀sìn inú ilé, títọ́ wọn àti kíkó wọn kiri, sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kọjá kí wọ́n kàn máa gba owó orí ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ajá lọ́jà. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní dókítà ẹranko tó ń dé abúlé, tó ní kúlà àti yìnyín, kí ọjọ́ tí wọ́n bá ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n á fún wọn ní ti parvo. Ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ oko kì í ṣe ohun ìṣeré, oúnjẹ olówó wọn ló ń ṣọ́.

Àwọn tó ń ta ọmọ ajá náà gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú títa èyí tó ń ṣàìsàn ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá rí àmì àrùn náà kò gbọdọ̀ fi epo pupa àti tẹtrasáíklì ṣeré. Kí ó tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láti fa omi sí i lára, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń yè bí wọ́n bá tètè dé. Kí wọ́n má ju òkú ajá sórí ààtàn, kí wọ́n sin ín jìn. Kí wọ́n fi bílíìṣì ife kan nínú omi ife 30 fọ ibi tó sùn sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání epo igi. Kí àwọn tó ní ajá náání ajá wọn, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì ṣe ojúṣe rẹ̀. Nígbà náà, bí ọmọ ajá bá kú, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi olówó rẹ̀ ni iye abẹ́rẹ́ tó gbà, kì í ṣe orúkọ aládùúgbò tí wọ́n ń fura sí.