Bí ọlọ́pàá bá ké "ẹ gbà mí", ṣé ká máa wò ó ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní "gbà mí, gbà mí" kò yẹ àgbà, "ẹran ń lé mi bọ̀" kò sì yẹ ọdẹ. Bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi máa ń pa àwọn èèyàn bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tí yóò gba òun sílẹ̀. Ẹni tí ìjọba kó ìbọn àti kóńdó lé lọ́wọ́, kí ló tún ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì?

Èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Nyanya, lẹ́bàá Abuja, ló yí èrò mi padà. Sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró, bí a ṣe máa ń rí i níbẹ̀ láràárọ̀. Ọlọ́pàábìnrin kan tó ń darí ọkọ̀ di ọwọ́ ọ̀kadà kan mú, torí pé ọlọ́kadà náà ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rọ̀gbà yí obìnrin náà ká. Ọ̀kan ṣí fìlà lórí rẹ̀, òmíràn fà á ní bẹ́líìtì, ó sì ṣubú sáàárín ọkọ̀ méjì.

Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì wa. Mo ka fóònù márùn-ún tí wọ́n nà sókè láti ya fọ́nrán. Tèmi wà lára wọn. Akọ̀ròyìn ni mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.

Ìyá kan tó ń din kósè lẹ́bàá títì ló kọ́kọ́ dìde. Kò mú igi, kò mú òkúta. Ó lọ dúró ti ẹni tó ṣubú, ó ń fi èdè Hausa pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ọmọ èèyàn lòun náà. Ohùn rẹ̀ ló fa ọ̀dọ́kùnrin méjì jáde láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, àwọn tó ń lù ú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, wọ́n sì tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bi ẹ̀yin náà lónìí: bí ẹni tó wà nínú ewu bá wọ aṣọ ọlọ́pàá, ṣé ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́? Èsì tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìjà, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sì ní gbèsè kan lọ́rùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kí aráàlú tó lè máa ṣe é láìbẹ̀rù.

Ìbínú aráàlú ní ìdí

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ẹni tó bá ń rin ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní Nàìjíríà mọ ohun tí ojú ń rí níbi tí àwọn ọlọ́pàá bá ti dábùú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti yá owó kiri kí ọmọ wọn tó jáde níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n pe èèyàn ní ọmọ yahoo torí irun orí rẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà tó gbé dání.

Ìbínú yìí ló gbé wọn jáde fún ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé àwọn ti tú ikọ̀ SARS ká. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbọn tó dún ní Lekki ní ọjọ́ 20, nǹkan dàrú káàkiri. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ aráàlú bọ́. Adamu sọ nígbà tó yá pé wọ́n pa ọlọ́pàá 22, àti pé àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ibòmíràn tí wọ́n bàjẹ́ jẹ́ 205.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò bá ikọ̀ kan lọ sí Ajao Estate ní Èkó láti mú àwọn ọlọ́kadà tó rú òfin. Wọ́n pa á níbẹ̀.

Mo mọ ẹni tó máa sọ pé ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ń ká. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ lóríta àti ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lè má mọ ara wọn rí. Aṣọ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Èrò tó ń bínú kì í sì í béèrè èwo ni èwo. Ikú ọlọ́pàá kan kò da náírà kan padà sápò ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kò sì tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ látìmọ́lé.

Ẹ rántí Aluu

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ fásitì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní Aluu, nítòsí Port Harcourt. Fọ́nrán rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn.

Ohun tó dun ọ̀pọ̀ wa nínú ọ̀rọ̀ Aluu kì í ṣe àwọn tó gbá igi nìkan. Ó dùn wá pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń wò. Bí a bá gbà pé ó burú kí wọ́n máa wo àwọn ọmọ yẹn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn, a kò lè wá sọ pé kò burú torí pé ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí wọ aṣọ ọlọ́pàá.

Kí ló dé tí èrò fi máa ń dúró wò? Kì í ṣe ìkà nìkan. Ní 1968, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan bíi pé wárápá ń mú un. Àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́ tètè lọ wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó rò pé àwọn míì náà ń gbọ́ fi falẹ̀, àwọn kan kò tiẹ̀ dìde rárá. Bí a bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni oníkálukú ń rò pé ẹlòmíì máa ṣe é. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn nínú bọ́ọ̀sì ní Nyanya.

Kí ni òfin sọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé òfin ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé bí ọlọ́pàá bá ké sí èèyàn pé kó ran òun lọ́wọ́ láti mú ọ̀daràn tàbí láti pa àlàáfíà mọ́, tí onítọ̀hún kọ̀ láìnídìí tó mọ́yán lórí, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin ọlọ́pàá tuntun ti 2020 náà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá kọ̀ láti ran ọlọ́pàá tí wọ́n ń lù lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó pè é.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni "lẹ́nu iṣẹ́". Ọlọ́pàá tó ń lu ọmọ ọlọ́mọ torí owó kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí èrò bá fẹ́ pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a yà wọ́n, kí a gba àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí a sì jẹ́rìí sí ohun tó ṣe. Ìkejì ni "ìdí". Òfin kò ní kí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lọ dojú kọ adigunjalè tó gbé ìbọn. Ẹni tó bá sá pa mọ́ kò dẹ́ṣẹ̀.

Ẹni tó ṣoore ń bẹ̀rù

Ìdí kan wà tí òfin kò tíì lè mú kúrò lọ́kàn wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ èyíkéyìí ìdí tí kò fi ní gbé ẹni tí ìbọn bà lọ sí ilé ìwòsàn. Yóò sọ fún yín pé òun lọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú.

Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni wọ́n ṣe ṣe òfin kan ní 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà. Ó ní gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú onítọ̀hún, yálà ó mú ìwé wá láti àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kò mú un wá. Ó tún ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú ti ẹni tó gbé e wá, ọ̀wọ̀ ni kí wọ́n fi gbà á. Ọlọ́pàá tí ìbọn bà náà wà lábẹ́ òfin yìí. Bí aráàlú bá ń sá fún un nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú títì, ara ohun tó fà á ni bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí ẹni tó ṣoore tẹ́lẹ̀.

Irú ìrànlọ́wọ́ wo?

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbọn tàbí àdá wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ jìnnà, kí ẹ pe 112. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ àti ariwo ni, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ nàka sí ẹnì kan pàtó: "Ẹ̀gbọ́n tó wọ aṣọ pupa, ẹ bá mi ká lọ." Ẹni tí a bá pè ní tààrà kì í lè ṣe bíi pé kò gbọ́. Ẹ dúró sáàárín, ẹ fi ohùn yà wọ́n, ẹ má gbá ẹnikẹ́ni.

Ẹ ya fọ́nrán bí ẹ bá fẹ́, torí ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹ fi sórí ayélujára, ẹ ti pe ẹni tó lè gbà á là. Bí ó bá sì farapa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Gbèsè ọlọ́pàá

Mo yí sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ ti pẹ́ tí ẹ ti ń sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ wa ni yín. Ọ̀rẹ́ kì í sọ ẹni tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là di afurasí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní òfin 2017 yẹn, kí ẹ sì fìyà jẹ ẹni tó bá rú u. Bí ẹnì kan bá wá jẹ́rìí, ẹ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ sì bá àwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà wí ní gbangba, torí àwọn ni wọ́n ń sọ ẹgbẹ́ wọn tó ń darí ọkọ̀ di ọ̀tá aráàlú.

Ní ti àwa aráàlú, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo padà sí Nyanya lọ́jọ́ kejì láti wá ìyá oníkósè yẹn. Mo bi í pé ṣé kò bà á lẹ́rù. Ó ní ó bà òun lẹ́rù. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ràn àwọn ọlọ́pàá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti gba kósè lọ́wọ́ òun láìsanwó rí. Ó wá yí kósè tó wà nínú epo, ó ní: "Ṣùgbọ́n ó ti ṣubú."