Pátákó Arère Tó Fẹ́ Lọ Sókun

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, tí kòkó wa tẹ́ rẹrẹ lórí pèpéle sìmẹ́ńtì níwájú ilé ní Ajue, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó yẹ kí ó máa fi ẹsẹ̀ da kòkó náà síwá sẹ́yìn kí ó lè gbẹ dọ́gba, wọ ẹ̀yìn àká lọ, ó gbé pátákó kan jáde, ó fi apá ẹ̀wù nu eruku ara rẹ̀, ó sì dúró tì í níwájú mi bí ẹni tí ó mú àfẹ́sọ́nà wá han òbí. Igi arère ni ó fi ṣe é, èyí tí ó rà ní sọ́míìlì kan ní Ore. Ó gùn ju èmi tí mò ń kọ̀wé yìí lọ, imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ bí imú ọkọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ó sì ti fi àfọ́kù ìgò ha á fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ títí ara rẹ̀ fi ń dán. "Bàbá," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wò." Mo gbé e, ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìwé kan yọ lápò, èyí tí ó kọ ètò ìrìn àjò rẹ̀ sí, nítorí pé ó fẹ́ lọ gun ìgbì òkun. São Tomé, erékùṣù tí ó wà ní àárín òkun ní ìsàlẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ni ó kọ́kọ́ kọ, ó fi bírò pupa yí i po. Ngor ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl tẹ̀ lé e, Busua ní Gánà ṣe ìkẹta. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí mo ní láti wọ awò ojú kí n tó rí i, ni ó kọ Tarkwa Bay ti Èkó sí.

N kò bá ọmọ náà wí, n kò sì fẹ́ kí òbí kankan tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí. Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé àrìnjìnnà ní í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ tí kò bá sì dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni bí ó ti to ìrìn àjò náà, nítorí pé ó gbé orí sí ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kí ó wà. Ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ó fi ṣáájú, ibi tí ìgbì rẹ̀ bá agbára ọmọ náà mu ni ó fi sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ òkun kò mọ òkìkí, ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ mú kúrò lọ́nà. Àwọn kan ní àdúgbò ń sọ pé eré òyìnbó ni eré yìí, pé kí ni ọmọ olóko ń wá níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Michael Hemmersam, ará Jámánì tí ó gbé ní Elmina ní etíkun Gánà láàárín 1639 sí 1645, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí níbẹ̀ a máa so ọmọ wọn mọ́ pátákó, wọn a sì jù wọ́n sómi kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1837, James Edward Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ròyìn àwọn ọmọkùnrin Àkrà tí wọ́n gbé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ wọ inú òkun lọ, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì bá a gùn padà wá sí èbúté. Nítorí náà, nígbà tí Bruce Brown, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ fíìmù rẹ̀ dé Èkó fún The Endless Summer, fíìmù àwọn tí ń gun ìgbì, tí ó jáde ní 1966, eré tí ó wá fi hàn wá ti dàgbà ní etíkun wa kí a tó bí baba baba rẹ̀. Ọmọ tí ó gbẹ́ arère ṣe pátákó kò yá àṣà ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń to ìrìn àjò náà. Ìgbì tí ń fọ́ ní etíkun wa, àlejò ni. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ yìnyín, ìjì a máa jà gidigidi láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òtútù mú ní ìhà ibẹ̀. Ìjì náà a ti omi, omi a ti omi, títí ìgbì yóò fi rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó fi orí sọlẹ̀ níwájú ilé wa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òkun fi ń ga jù ní àkókò òjò wa, tí ó sì ń rọlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹni tí kò mọ èyí, tí ó kàn wo ìgbà tí ó ráyè, tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, lè bá òkun níbi tí ó ti ń bínú. Àwọn àgbà sì ti wí pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ẹnìkan lè bi mí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní etíkun, kí ló dé tí ọmọ Ajue kò ní gba Òkìtìpupa lọ sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947? Inú ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹrẹ̀ ni ó tẹ́ sábẹ́ òkun ní etíkun Máhìn tí Ayétòrò wà, kì í ṣe iyanrìn, ẹrẹ̀ a sì máa gba agbára lọ́wọ́ ìgbì bí tìmùtìmù ti í gba agbára lọ́wọ́ ìkúùkù, tí ìgbì yóò fi rọ kí ó tó lè dìde dúró. Ẹrẹ̀ tí kò gbé ìgbì ró fún eré kò gbé ilé ró fún onílé pẹ̀lú: òkun ti jẹ ilé, ó ti jẹ ilé ìwé, ó ti jẹ sàréè ní Ayétòrò, àwọn ará ibẹ̀ ń ké láti ọdún mélòó kan, a kò sì gbọ́ igbe wọn tó. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ ilé rẹ̀, a kì í gbé pátákó lọ ṣeré níbẹ̀.

Iyanrìn ni ti Èkó, Èkó Àkéte, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Mọ́tò kì í dé Tarkwa Bay. Láti Ore, ènìyàn yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Màríná, yóò sì de láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà kí ó tó gúnlẹ̀ sí etí iyanrìn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó dá ibẹ̀. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti ń da òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé, òkúta tí ọkọ̀ ojú irin kó wá láti Aro ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Olúmọ. Ẹ̀yìn àwọn ògiri òkúta wọ̀nyẹn ni Tarkwa Bay fi ara pamọ́ sí. Nínú ìyẹ̀wù omi yẹn ìgbì kéré, ó ń rọra bọ̀ bí arúgbó tí ń ti ọjà dé, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣubú nígbà ogún kí ó sì dìde nígbà ogún. Lẹ́bàá ògiri òkúta, ìgbì a na ara gùn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ pátákó a sì lè bá a rìn jìnnà. Bí ènìyàn bá wá kọjá sí ojú òkun gbangba, ní apá ibi tí ilé iná atọ́nà àwọn ọkọ̀ wà, ìgbì ibẹ̀ a gbé ara sókè, a sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìrókò tí ayùn já, omi tí ó sì ń padà lẹ́yìn rẹ̀ ní agbára tí ó bani lẹ́rù. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kẹta, ṣùgbọ́n ó lè gba ènìyàn ní ọdún méjì kí ó tó yẹ fún un láti rìn ín.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà, ó ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀, pé odò Olúwa ni òun ti ń wẹ̀ láti kékeré. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni odò ń gbé lọ, ni mo fi dá a lóhùn. Odò ní bèbè méjì tí ojú ń rí. Òkun kò ní ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí omi òkun bá ń fa ènìyàn lọ, ẹni tí ó kọjú sí èbúté tí ó ń bá a jà ni agbára rẹ̀ ń tán. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀, tí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ní ìbú títí tí omi náà fi tú u sílẹ̀, òun ni yóò padà wá sọ ìtàn. A kì í fi ẹnu kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ajue. Ẹni tí ó ń gbé etí omi náà ni í dúró tini nínú omi, tí í di ìrù pátákó mú, tí í sọ pé, "Má tíì dìde, má tíì dìde, ó yá!"

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Àwọn ọmọ Tarkwa Bay tí wọ́n lè ṣe èyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àfọ́kù pátákó tí àlejò sọ nù kọ́ eré náà, ni àwọn ọmọ ogun ojú omi wá bá ní oṣù kínní ọdún 2020, tí wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde, tí wọ́n sì wó ilé, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń bẹ́ páìpù epo ni. Bí olè bá wà láàárín ìlú, olè ni à ń mú. A kì í tú ìlú ká. Ẹ̀tọ́ ni kí ìjọba Èkó àti ti àpapọ̀ fi ìwé tí kò ṣeé fà ya dá àwọn tí ó ṣẹ́ kù sí etí omi náà lójú pé ilé wọn kò ní wó mọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran: ta ni yóò sọ fún un pé iyanrìn ti yí padà lánàá, pé lónìí kí ó má ṣe sún mọ́ òkúta? Nítorí náà mo ní kí ọmọ náà kọ owó olùkọ́, owó oúnjẹ àti owó ibi tí yóò sùn lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sí òkè ìwé rẹ̀, kí ó má sì bá wọn ná an bí ẹni ná tòmátì.

São Tomé ńkọ́? Yóò dé ibẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ olóko kòkó kì í tilẹ̀ ṣe àlejò níbẹ̀ tán pátá. Ní 1822 ni àwọn Potogí mú kòkó láti Brazil wá sí Príncipe, àbúrò erékùṣù náà; kòkó tàn dé São Tomé àti erékùṣù Fernando Po, láti Fernando Po ni ó sì ti dé Bonny ní 1874, títí ó fi rin dé inú igbó Oǹdó tí ó ń bọ́ wa dòní. Ìbànújẹ́ wà nínú ìtàn náà: àwọn tí wọ́n kó láti Àǹgólà lọ ṣiṣẹ́ ní oko kòkó São Tomé, bí ẹrú ni wọ́n ṣe lò wọ́n, títí ilé iṣẹ́ Cadbury fi kọ̀ ní 1909 pé òun kò ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọmọ wa bá dúró ní etíkun yẹn, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Ìgbì ibẹ̀ pọ̀, oríṣi rẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó pọ àpáta erékùṣù náà jáde, ìgbì a sì máa fọ́ lórí àpáta níbìkan, lórí iyanrìn níbòmíràn; etíkun kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Sete Ondas, Ìgbì Méje ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbì orí àpáta dùn mọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn, nítorí ibi kan náà ni í ti máa fọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣubú níbẹ̀, òkúta ni yóò gbà á. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ. Orílẹ̀-èdè náà kò sí nínú ECOWAS, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a ti ń wọ Kútọnu ni a ń wọ ibẹ̀, kí ó má sì gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Inú mi dùn láti gbọ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń fi pákó lásán gun ìgbì. Pátákó arère kan yóò rí ẹbí.

A jókòó ti kòkó náà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, a tún ìwé náà kọ. Oṣù kejì ọdún ni yóò kọ́kọ́ lọ sí Tarkwa Bay, nígbà tí a bá ti ta kòkó ńlá tán tí owó wà lọ́wọ́, tí òkun sì rọlẹ̀. Yóò gbé pátákó rẹ̀ dání, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wò ó, nítorí arère a máa mu omi bí a kò bá fi ọ̀dà dí ara rẹ̀. Ọdún kejì, yóò padà lọ sí Èkó kan náà ní oṣù kẹjọ, kí ó lè rí òkun nígbà tí ìgbì rẹ̀ ga. Ọdún kẹta, bí àwọn ọmọ Tarkwa Bay bá wí pé ó tó gẹ́ẹ́, São Tomé, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ìgbà tí òjò dá lọ́dọ̀ wọn tí ìgbì sì ń wọlé dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní gravana. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó pa bírò dé, ó wá dákẹ́.

"Bàbá," ni ó wí nígbà tí ó yá, "oṣù kẹjọ ni òjò ń ba kòkó jẹ́. Ta ni yóò bá mi fín in?"

Mo ní kí ó fi pọ́ǹpù sílẹ̀ fún mi.