Ẹ Má Jẹ́ Ká Pa Ẹdun Run

Olóòtú,

Mo fẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ilẹ̀ Rẹ́mọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀bọ tí wọ́n ń yìnbọn pa nínú igbó wa.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa wí pé olè ni gbogbo ọ̀bọ, kí á pa wọ́n tán. Èmi náà ń gbin àgbàdo, mo mọ ohun tí ọ̀bọ ń fojú wa rí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí kò tọ́ sí ẹdun. Orí igi gíga ló ń gbé, ewé sì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́, akọ rẹ̀ a bú ramúramù kí agbo mìíràn lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní onílé. Àwọn tó ń jí àgbàdo gan-an wúlò: wọ́n a kó èso igbó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àpò, wọ́n a sì tu kóró rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ń tàn kálẹ̀.

Ẹdun yìí la fi ń pe ìbejì. Láyé àwọn bàbá wa, ìdílé ìbejì kì í jẹ ẹran rẹ̀. A ti sọ èèwọ̀ yẹn nù báyìí, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti fojú rí ẹdun?

Ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀bọ jẹ́ èèwọ̀ ní abúlé Boabeng àti Fiema. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn kan bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n, wọ́n ṣe òfin ní 1975 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ níbẹ̀ mọ́. Lónìí, àwọn àlejò ń sanwó wá wò wọ́n. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni àwọn ará ibẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, ìjọba ti ya igbó Ọmọ sọ́tọ̀ láti 1925, síbẹ̀ àwọn agégi àti oníkòkó ń jẹ ẹ́ wọnú.

Ọdẹ á ní kí lòun ó jẹ. Ọ̀yà àti òkété wà, wọ́n ń bí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹdun tí a fi ń pe ìbejì, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa ìyá kan, ó di ọdún mélòó kí ẹ tó rí òmíràn?

Mo bẹ Kábíyèsí wa ní Mákùn àti gbogbo ọba Rẹ́mọ, kí wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ọ̀bọ nínú igbó etí odò. Kí ẹ̀yin tí ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yéé ra ọ̀bọ yíyan létí títì. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ oko wa nígbà tí àgbàdo bá ń gbó. Ohun tí òkò lè lé, kí la ń yìnbọn sí i fún?



Àgbẹ̀ kan,
Mákùn, Ṣágámù.