Ara Ọmọ Kì í Ṣe Ohun Ẹ̀fẹ̀

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a máa ń pe ọmọ tí ó sanra ní “orobo”, a sì ń pe èyí tí ó tín-ín-rín ní “lẹ́pa”. Àgbà ń fi í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 8 lè gbé e sọ́kàn títí. Ní èrò tiwa, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò wo ọmọ kankan sàn rí.

Ọmọ tí a ń fi ìsanra ṣe yẹ̀yẹ́ lè máa fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa jẹun ní kọ̀rọ̀. Òmíràn kì yóò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Ní ti èyí tí ó tín-ín-rín, àwọn òbí kan a lọ ra oògùn ìsanra fún un. Ewu ńlá ni. Dexamethasone tí àwọn kan ń lò báyìí lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ìdàgbà ọmọ dúró.

Ara ọmọ kì í dúró lójú kan. Láti ọdún 5 sí 10, ọmọ a máa fi nǹkan bí kílò 2 sí 3 wúwo sí i lọ́dọọdún. Bí ìgbà ìbàlágà bá ń súnmọ́lé, ẹlòmíràn a kọ́kọ́ sanra díẹ̀ kí ó tó ga.

Ṣé kí a wá panu mọ́ bí ọmọ bá ń sanra jù tàbí tí ó ń rù? Rárá o. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ìwúwo àti gíga rẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú lásán kò tó í fi ṣe ìdájọ́.

Nílé, ẹ má ṣe ya oúnjẹ ọmọ kan sọ́tọ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti èso dára fún gbogbo ilé. Ẹ dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù fún tọmọdé tàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ máa ṣe eré tí ń mú ara gbóná fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́.

Ẹ sọ ọmọ yín lórúkọ, ẹ sì fún un ní oríkì. Ìyẹn ni kí ẹ máa pè é.